Bí Àdúrà Kò Bá Gbà, Ta Ló Jẹ̀bi?

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Mo kí ẹ̀yin ọmọ awo, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe awo ṣùgbọ́n tí ẹ ń fetí sí ohun tí Ifá ń wí. Mo ti ṣèlérí pé Ìrosùn Méjì ni a ó tún gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fọwọ́ wọ́nú fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó ti ẹsẹ Ifá náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ àdúgbò wa. Láti Fádéyí wọ inú Ṣómólú títí dé ẹ̀gbẹ́ Bàrígà, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la fi ń jí, òun náà la fi ń sùn. Kálẹ́ńdà, rìsíìtì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí ọjà, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa: ìwé ìpolongo ìsọjí àti ìwé ìsìnkú. Orí tábìlì kan náà ni a ti ń gé méjèèjì. Èyí tí a tẹ̀ ní òwúrọ̀ á ní arọ yóò rìn, àgàn yóò bí, ikú kò ní wọlé ẹnikẹ́ni. Èyí tí a tẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ á ní arákùnrin wa ti gba ìpè sí ògo. Nígbà mìíràn ìjọ kan náà ló ni méjèèjì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà rí. Owó onígbàgbọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ mi, èmi tí mo ń bọ Ifá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò wọlé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti ṣa àjákù páálí aláwọ̀ mèremère, ó á fi ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kú. Ìwé ìrántí ọdún kan ni ìyá rẹ̀ fẹ́ tẹ̀, igba ẹ̀dà, ojú ewé mẹ́rin. Ó ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ sínú ìwé iléèwé kan: ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, àwọn orin tí wọn yóò kọ, orúkọ ẹni tí yóò gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ ìlà méjì sí. Àkọ́kọ́: «Dárí jì mí, ọmọ mi, ìgbàgbọ́ mi kò tó.» Èkejì: «A ó tún pàdé.»

Mo bi í pé, «Ìyá wa, ta ló ní kí ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ yìí?»

Ó ní, «Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, bàbá. Òótọ́ ni.»

Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ló pa ọmọ náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí orílẹ̀-èdè wa yìí ni a ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ ní gbogbo ayé. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ìyá yìí ṣe gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe. Ó ń gbé e lọ sí ọsibítù, ó ń fún un ní oògùn oníhóró rẹ̀ ní àràárọ̀, kì í jẹ́ kí òtútù mú un. Ó tún ń gbé e lọ sí ilé àdúrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún fún ọmọ náà, tí wọ́n fi òróró sí i lórí, tí wọ́n sì kéde níwájú ìjọ pé ó ti rí ìwòsàn. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn èyí, ìrora mú un lóru, ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà tọ àwọn àgbààgbà ìjọ náà lọ pẹ̀lú ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni yóò béèrè, wọ́n bi í bóyá ó ṣì ń fún ọmọ náà ní oògùn lẹ́yìn ìkéde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí mi ò rò pé àwọn nìkan ni. Mi ò sì bá Jésù jà. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó mú ohun rere kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ṣe, tó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ẹ padà sí ìkíni tí mo fi kí yín. Àbọrú: kí ẹbọ ó rú. Àbọyè: kí ẹbọ ó yè. Àbọṣíṣẹ: kí ẹbọ ó ṣẹ. Ìtàn kan ní orúkọ àwọn mẹ́ta tó ran Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìdánwò ni, tí ó sì fi ìkíni yìí sọrí wọn. Ojoojúmọ́ ni a ń kí ara wa bẹ́ẹ̀, a kì í sì í dúró ronú sí i. Bí ó bá jẹ́ dandan kí gbogbo ẹbọ fín, kí ni a tún ń tọrọ pé kí ó fín fún? Awo tó ti rúbọ tán, tó ti pe igba irúnmọlẹ̀, tí kò gbàgbé Èṣù, ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ohun tí òun ṣe ó jẹ́ àtẹ́wọ́gbà. Ìkíni náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹnu awo àgbà ni iyèméjì náà ti ń jáde. A kò ka á sí àìsàn ọkàn.

Ẹ wo ìbò pẹ̀lú. Nígbà tí odù bá hù tán, tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, owó ẹyọ la máa ń fi dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun la máa ń fi dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá dá Ifá á di ọ̀kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, á di èkejì mú ní ọwọ́ òsì, babaláwo á sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ọwọ́ tirẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ifá láìfún egungun ní àyè láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, a ó tún béèrè: ibi wo ni? Ibi ikú ni, àbí ibi àrùn, àbí ibi ìjà, àbí ibi òfò? Lẹ́yìn ẹbọ, a ó tún da obì, obì sì lè má yàn. Nígbà náà a kì í wo ojú ẹni tó ni ẹbọ bí olè. A ó tún béèrè ni.

Egungun yẹn ni wọ́n ti yọ kúrò ní ilé àdúrà tí obìnrin yìí ń lọ. Owó ẹyọ nìkan ló kù níbẹ̀. Bí Ọlọ́run kò bá lè dáhùn pé rárá, tí rárá sì ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ni yóò ru ú. Olùṣọ́ àgùntàn kò ní rù ú. Ọlọ́run kò ṣeé dì í lé lórí. Ìyá ọmọ ló kù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé egungun náà wà nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún yóò ka Bíbélì, bó fẹ́ bó kọ̀, nítorí àwọn ni yóò máa bi í bóyá ẹsẹ tí wọ́n tọ́ka sí tọ̀nà. Mo ka ibi tí Jésù ti dojú bolẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì, tó ń bẹ Baba rẹ̀ pé kí ó mú ife kan kọjá lórí òun. Ife náà kò kọjá. Mo ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ẹ̀gún kan kúrò lára òun, tí wọn kò sì yọ ọ́. Mo ka ìwé Jóòbù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í nínú eérú, wọ́n ń wá ohun tó ṣe tí ìyà fi ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Ọlọ́run dé, àwọn ọ̀rẹ́ náà ni ó bínú sí. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ Jésù nínú ọgbà kò tó? Bí kò bá sí, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà rí àìtó ìgbàgbọ́ nínú obìnrin tó ń ta ata ní ọjà Bàrígà?

Kí a má sì rò pé èyí ni ohun tí àwọn aládùúrà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ wa ni ìgbàgbọ́ nínú àdúrà ti hù, kì í ṣe ọjà òyìnbó lásán. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Láti ibẹ̀ ni orírun ohun tó padà di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1925, Moses Orímọládé Túnọláṣe àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó yìí. Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, gba àdúrà ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ èrò sì wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Àní ní Akoka, ní ẹ̀yìn Bàrígà wa níbí, ní 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó, W. F. Kumuyi, bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìjọ Deeper Life dé lónìí.

Ẹ fojú inú wo àwọn akọni tó ti lọ nínú wọn. Orímọládé kú ní 1933. Babalọlá kú ní 1959, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta péré ni. Samuel Bilehou Oshoffa, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Pọ̀tónóòfò ní 1947, kú ní 1985. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́bàá sàréè Babalọlá tó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹnu wọn kò gbà á. Wọ́n ní Olúwa ló pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ló parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé àlùfáà ni iṣẹ́ ń parí fún, ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin aláta, àìgbàgbọ́ ló pa á?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi bọ́ sí mi lẹ́nu níbí. Yóò ní, ẹ̀yin onífá ńkọ́? Ẹsẹ Ifá mélòó ni kò ní ẹni tí wọ́n ní kó rúbọ, tó gbọ́ tí kò rú, tí ojú rẹ̀ sì rí màbo? Ìbéèrè náà tọ́. Wọ́n pọ̀ nínú odù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún-lé-ní-ọgọ́jọ... ẹ dákun, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo fẹ́ wí. Àgbà ti ń dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí àwọn ẹsẹ náà ń bá wí: ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún tó sì kọ etí ikún ni. Mi ò tíì gbọ́ ẹsẹ kan tó dé bá ẹni tó rúbọ tó pé, tó sì sọ fún un lórí òkú ọmọ rẹ̀ pé ẹbọ náà ì bá fín ká ní inú rẹ̀ mọ́ tó. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìkìlọ̀ tó ṣáájú àti ẹ̀bi tí a hun lẹ́yìn ọ̀ràn.

Nínú Ogbègúndá, a gbọ́ bí Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ṣe lọ yan orí nílé Ajálá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tó tóbi tó sì dára lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó wọn tán. Òjò rọ̀, orí ń ya lulẹ̀ lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́ rí ẹni bá a yan tirẹ̀. Nígbà tí àwọn méjì rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láyé, wọ́n bú sẹ́kún. Ifá kò ní wọ́n burú. Ajálá tó jẹ gbèsè, tó ń sá fún ẹni tó jẹ ní gbèsè, òun ló mọ orí láìfi iná jó o tán. Àlàyé ńlá ni ìtàn yìí fún mi nígbàkúgbà tí mo bá rí ọmọ tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ní àbùkù: àbùkù wọ inú ìkòkò kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Ìyá kò yan AS. Bàbá kò yan AS.

Ṣùgbọ́n n ó parọ́ bí mo bá ní ọwọ́ tiwa mọ́. Àrùn yìí kan náà ni àwọn baba wa rí tí wọ́n pè ní àbíkú. Ìyá bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ń kú bọ̀ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń wá tó ń padà. Wọ́n á fi abẹ sá òkú ọmọ, wọ́n á gé ìka rẹ̀, kí ó má baà lè padà wá fi ìyá ṣẹ̀sín. Àwọn orúkọ tí a fi ń bẹ̀ wọ́n ṣì wà lẹ́nu wa: Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Kòsọ́kọ́ tó jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, orúkọ àbíkú ló ń jẹ́: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Ẹ̀bi ni àwa náà dì, orí ọmọ la dì í lé. Àti lónìí, babaláwo wà lórí fóònù tó ń gba owó ẹbọ ẹgbẹ́ ọ̀run lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ SS, tó sì ń sọ fún un pé kí ó dá oògùn dókítà dúró. Mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín olúwarẹ̀ àti àwọn àgbààgbà ìjọ wọ̀nyẹn. Tirẹ̀ tilẹ̀ burú jù lójú mi, nítorí a fi egungun lé e lọ́wọ́, ó sì jù ú nù.

Ìlà kejì ìwé náà wá kù: «A ó tún pàdé.» Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le fún mi.

Àwọn olùwàásù máa ń sọ pé kí ìhìnrere tó dé, àwa kò ní ìrètí kankan lẹ́yìn ikú, pé nínú òkùnkùn ni àwọn baba wa kú sí. Irọ́ ni. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì, èyí tó wá pé pérépéré ní Yorùbá ní 1884, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ fún ọ̀run sílẹ̀. Wọ́n bá a nílẹ̀. Àwọn tó ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, wọ́n ti ń wí i kí àlùfáà kankan tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. A ní ọ̀run rere, a ní ọ̀run àpáàdì. A ní Babátúndé, a ní Yétúndé, a ní eégún tó ń jáde lọ́dọọdún wá súre fún ilé tó fi sílẹ̀.

Ohun tí a kò ní ni ìlérí pé ẹni rere kì í kú. A ní àìkú, òótọ́ ni. Àìkú parí ìwà, òun ló ń dé ire yòókù ládé. Ṣùgbọ́n nígbà tí awo bá tọrọ àìkú, kí a gbó, kí a tọ́, kí ọmọ sin wá ló ń tọrọ. Ikú òjijì ni a ń lé jìnnà. Ikú àgbà, ọ̀nà ilé ni.

Àwọn kan ti gbìyànjú èkejì rí, ìbátan wọn sì pọ̀ ní etí ọ̀sà Bàrígà wa títí di òní. Ní 1947, àwọn apẹja Ìlàjẹ kan tó ya kúrò lára Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú kan dó ní etí òkun, ní ibi tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Wọ́n pè é ní Ayétòrò. Wọ́n da owó pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò ní ohun tí a lè pè ní tèmi nìkan. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní i. Wọ́n sì gbà gbọ́ pé Àpọ́sítélì Mímọ́ kò ní kú. Ọ̀run tí wọ́n ń wàásù kì í ṣe ti lẹ́yìn sàréè, níhìn-ín gan-an ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ju àwọn oníwàásù ìsinsìnyí lọ, nítorí wọ́n fi ìgbàgbọ́ wọn kọ́ ilé, wọ́n fi bọ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò fi kó owó àpò jọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú dé Ayétòrò bó ṣe dé ibi gbogbo. Bí àìkú bá jẹ́ èrè ìwà mímọ́, kí ni ẹ ó pe ẹni tó kú? Ìgbàgbọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀, tí a bá fà á débi tó gbẹ̀yìn, ẹ̀sùn ló máa dá sí òkú lọ́rùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àpò kan ṣoṣo náà ti túká. Òkun ló wá ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ilé tẹ̀ lé ilé.

Nínú Ògúndá Méjì ni Ifá ti béèrè èwo nínú òrìṣà ló tó bá ẹni tó ń sìn ín rìn dé òkèèrè, kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó. Wọ́n bi í pé bó bá rìn títí tó dé ilé baba rẹ̀, tí wọ́n fi oúnjẹ tó fẹ́ràn ṣe é lálejò ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ ni Ọya, bẹ́ẹ̀ ni Ògún, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ṣun, títí ó fi kan Ọ̀rúnmìlà tìkára rẹ̀. Òun náà ní òun á padà. Orí nìkan ló bá olórí lọ. Nígbà tí babaláwo bá kú, a lè kó Ifá rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀, wọn kì í gé orí kúrò lọ́rùn ẹni tó kú kí a tó sin ín. Ẹ wo ìwé ẹ̀sìn tó gbà lójú gbogbo ayé pé àwọn òrìṣà rẹ̀ kò lè bá ọ dé òpin ọ̀nà. Èmi kò mọ ẹ̀sìn míràn tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìyá ọmọ náà jókòó sórí àga onígi ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo wá gbogbo inú mi fún ohun tí mo lè fún un dípò ìlà kejì yẹn, mi ò rí i. Ọmọ tó kú kí òbí rẹ̀ tó kú, òfò là ń pè é. A kì í ṣe òkú rẹ̀, a kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí ibi tí wọ́n sin ín sí, a kì í ṣe eégún rẹ̀. Ẹni tó dàgbà tó sì bí ọmọ ni à ń retí pé yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí Babátúndé. Bí ọmọ kékeré bá padà wá, ẹ̀rù ni ó ń bà wá. Ìyá yìí fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ lójú, bó ṣe rí, pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú páálí rẹ̀ lọ́wọ́. Onígbàgbọ́ ní yóò rí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi dípò rẹ̀? Ẹni tó bá ní ìdáhùn nínú ẹ̀yin awo, kí ó kọ̀wé sí mi. Kì í ṣe àwàdà.

Nítorí náà, ìlà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ibì kan náà ni obìnrin náà ti gbọ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìrètí, mo sì lè fi sílẹ̀ fún un láìdá sí i. Èkejì jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Mo sọ fún un pé oògùn tó ń fún ọmọ náà ní àràárọ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ó pé ọdún mọ́kànlá. Mo ní bí dókítà tó kọ ọ́ fún un bá wà níbí, ohun tí yóò sọ nìyẹn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, «Bàbá, ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ.» Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kì í ṣe ọmọ ìjọ.

Ìrántí náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti to ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ̀ǹpútà, àwòrán ọmọ náà wà níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí. Mo fi ìlà kejì sí àyè rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo yọ, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo sì fi prúùfù náà ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ kejì láti orí fóònù. Mo ní kí ó wò ó dáadáa kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni. Bí ó bá ní kí n dá a padà, n ó dá a padà. Ó ti rí i. Kò tíì fèsì.